Cocoa House mi ń wọnú ara ẹ̀ láti àjà 9 lọ sókè nínú Studio, ẹ ràn mí lọ́wọ́

ỌmọÒkèMàpó

Ẹ kú àárọ̀ o ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ọ̀sẹ̀ kẹta rèé tí mo ti ń kọ́ Cocoa House ti Dùgbẹ̀ nínú BrickLink Studio, software tí a fi ń to LEGO lórí kọ̀ǹpútà. Ẹ̀bùn ọjọ́ìbí àádọ́rin ọdún bàbá mi ni, torí ọ́fíìsì wọn ò jìnnà síbẹ̀ nígbà tí mo wà ní kékeré, tí mo bá jáde nílé ìwé tí mo ń dúró dè wọ́n, mo máa ń ka fèrèsé ilé yẹn láti ìsàlẹ̀ lọ sókè títí ọrùn á fi máa dùn mí. Ilé alájà 26 ni, gíga ẹ̀ 105 mítà, wọ́n parí ẹ̀ ní 1965. Èmi fẹ́ kí tèmi ga tó 41 sẹ̀ǹtímítà.

Bí mo ṣe kọ́ ọ rèé. Inú ni mo kọ́kọ́ tò: brick 1x1 tó ní stud (orí kékeré tí ẹ̀yà fi ń kan mọ́ra) lẹ́gbẹ̀ẹ́ (87087 ni nọ́ńbà ẹ̀), mo gbé plate (ẹ̀yà pẹlẹbẹ) méjì lé e, 87087 míì, plate méjì míì, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí dókè. Ara ìta wá jẹ́ plate tí mo gbé dúró, tí mo kàn mọ́ stud ẹ̀gbẹ́ yẹn. Àjà 1 dé àjà 8 ò ní ìṣòro kankan. Láti àjà 9 lọ, gbogbo plate ara ìta dà bíi dígí, mò ń rí inú ilé gba ara wọn, bí Studio ṣe ń sọ fún èèyàn nìyẹn pé nǹkan ti wọnú nǹkan. Mo pa Collision, ohun tó ń ṣọ́ ìyẹn, gbogbo ẹ̀ padà sí bó ṣe yẹ, mo tún un tàn, ó tún di dígí. Mo ti sún mọ́ ọn débi pé plate kan ṣoṣo gba gbogbo ojú kọ̀ǹpútà, mi ò rí ibi tí nǹkan ti gun nǹkan. Ṣé kí n kúkú pa Collision yẹn kí n máa bá iṣẹ́ mi lọ? Oṣù tó ń bọ̀ ni ọjọ́ìbí náà.

GíàMéjì

Pa á jọ̀ọ́. Èmi máa ń pa á tí mo bá ń to gíà, torí gíà eléyín 8 àti eléyín 24 ò lè sún mọ́ra kí ó má di dígí, bẹ́ẹ̀ lójú ayé wọ́n ń yí dáadáa.

ÌyáÌbejìPeckham

Ẹ má pa á o, ẹ gbọ́ tèmi ná. Lọ́dún tó kọjá mo kọ́ ilé ìdáná kékeré kan fáwọn ìbejì mi, ibi sínkì ń dà mí láàmú, mo pa Collision, mo ní màá padà wá wò ó, mi ò padà. Mo ra ẹrù lọ́wọ́ oníṣọ̀wò mẹ́ta, ẹrù dé, a jókòó sórí kápẹ́ẹ̀tì, a tò ó títí a fi dé sínkì, ni plate méjì bá fẹ́ wà lójú kan náà. Táyé gbé ọ̀kan dání, ó ní mọ́mì, èyí ò ní ilé. Mo tún sanwó ìfiránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kejì nítorí plate tí kò tó pọ́n-ùn kan. Ìwọ tó wà n'Íbàdàn ńkọ́, tó jẹ́ pé ẹni tó ń bọ̀ wálé ló máa bá ẹ gbé e sínú àpótí ẹ̀? Tí ẹrù bá ṣì, ó di ìgbà tí ẹlòmíì bá tún ń bọ̀, ọjọ́ìbí bàbá ò sì ní dúró.

BàbáBíríkì

Màpó, o kú iṣẹ́, o kú ìtọ́jú bàbá. Ìyá Ìbejì ti sọ ọ́. Má pa á, má sì tíì sún nǹkan kan nípò, jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ibi tó ti wá.

Ọ̀nà tí o gbà kọ́ ọ dára gan-an ni. Plate kan ga 3.2 mìlímítà. Brick kan jẹ́ plate mẹ́ta, 9.6. Láti àárín stud kan sí àárín èkejì, 8. Torí náà plate márùn-ún jẹ́ 16 mìlímítà, stud méjì náà jẹ́ 16, ibẹ̀ ni ohun tó dùbúlẹ̀ àti ohun tó dúró ti máa ń kọ́kọ́ dọ́gba, ṣáájú ibẹ̀ wọn ò lè pàdé. 87087 kan àti plate méjì, plate márùn-ún géérégé nìyẹn. Àjà kọ̀ọ̀kan nínú ilé rẹ ń gba ara ìta stud méjì, kò ṣẹ́kù, kò dín.

Ṣùgbọ́n inú fáìlì, wọn kì í fi mìlímítà kà á. James Jessiman tó ṣe LDraw, software ìkọ́lé LEGO àtijọ́ kan, ní 1995 ló fi ìwọ̀n tí à ń pè ní LDU lélẹ̀: stud sí stud 20, brick 24, plate 8. Jessiman kú ní 1997, ìwọ̀n ẹ̀ la sì ń lò títí di bí mo ṣe ń tẹ èyí. Tí o bá ṣírò ẹ̀, àjà rẹ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ jẹ́ 40 LDU.

Lọ sí File, Export As, mú LDraw. Fi Notepad ṣí fáìlì tó bá jáde. Mú plate ara ìta kan tó wà lójú kan náà ní àjà 6, 7, 8 àti 9, kí o lẹ ìlà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin síbí.

ỌmọÒkèMàpó

Ẹ ṣé gan-an bàbá. Àwọn nìyí, plate 1x1 tó wà lápá òsì ẹnu ọ̀nà, láti àjà 6 lọ:

1 19 0 -214 -18 1 0 0 0 0 -1 0 1 0 3024.dat
1 19 0 -253.6 -18 1 0 0 0 0 -1 0 1 0 3024.dat
1 19 0 -293.2 -18 1 0 0 0 0 -1 0 1 0 3024.dat
1 19 0 -332.8 -18 1 0 0 0 0 -1 0 1 0 3024.dat

BàbáBíríkì

Ó ti yọjú. Fún àwọn tí kò tíì ka irú ẹ̀ rí: 1 àkọ́kọ́ ń sọ pé ẹ̀yà kan rèé, 19 ni àwọ̀ tan, nọ́ńbà mẹ́ta tó tẹ̀ lé e ni ipò ẹ̀, apá ọ̀tún sí òsì, òkè sí ìsàlẹ̀, iwájú sí ẹ̀yìn. Mẹ́sàn-án tó kù ń sọ bí wọ́n ṣe yí i, lẹ́yìn náà ni orúkọ ẹ̀. Nínú LDraw, bí nǹkan bá ṣe ń ga sí i ni àmì ìyọkúrò ẹ̀ ń pọ̀ sí i, ẹ má jẹ́ kó dà yín rú.

Wo nọ́ńbà kejì nínú ipò. Láti 214 sí 253.6, ìrìn 39.6 ni. Sí 293.2, 39.6. Sí 332.8, 39.6. Àjà inú ń lọ ní 40, ara ìta ń lọ ní 39.6. Àjà 9 lo ti ń rí dígí ṣùgbọ́n àjà 7 ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀: ní 7 ó fi 0.4 kúrò nípò, ní 8 ó fi 0.8, ní 9 ó di 1.2, ó jọ pé ibẹ̀ ni Studio ò ti lè gbójú fò ó mọ́. Ìdí tí ojú rẹ ò fi rí i nìyẹn, 0.4 LDU jẹ́ 0.16 mìlímítà.

Ohun tó ń yà mí lẹ́nu ni pé ó dọ́gba. Máòsì kì í ṣìnà lọ́nà tó dọ́gba báyìí lẹ́ẹ̀mẹta. Màpó, báwo lo ṣe kúrò ní àjà 6 bọ́ sí àjà 7?

ỌmọÒkèMàpó

Háà. Bàbá, Excel ni. Àjà 1 dé 6, ọwọ́ ni mo fi tò ó. Nígbà tí mo rí i pé ohun kan náà ni màá máa ṣe lẹ́ẹ̀mejìlélọ́gbọ̀n, rárá, ogún ìgbà ló kù, mo ní kí Excel máa bá mi kọ ìlà ara ìta, mo wá kó o wọlé. Gíga àjà tí mo fún un, inú ilé gidi ni mo ti ṣírò ẹ̀: 105 mítà pín sí 26, ó jẹ́ 4.04 mítà. Mo pín ìyẹn sí 255 kí gbogbo ilé lè jẹ́ 41 sẹ̀ǹtímítà, ó fún mi ní 15.84 mìlímítà. Mo fi 0.4 pín in, ó jẹ́ 39.6. Mo rò pé bí ó bá ṣe sún mọ́ ilé gidi tó ni ó máa dára tó.

BàbáBíríkì

Ìṣirò rẹ pé, kò sí àṣìṣe kan nínú ẹ̀. Ìwọ̀n ilé gidi lo ń bá lọ, ṣùgbọ́n plate ò mọ mítà, plate márùn-ún ò ní yé jẹ́ 16. Máa ka plate àti stud. Tí ilé bá wá jẹ́ 41.6 sẹ̀ǹtímítà dípò 41.2, jẹ́ kó jẹ́ bẹ́ẹ̀, ìwọ̀n ẹ̀ á di nǹkan bí 1 sí 252, bàbá rẹ á mọ̀ ọ́n ní Cocoa House lójú ẹsẹ̀.

Tí o bá pa Collision kí o tó béèrè, ní àjà 26 ara ìta á ti fi 8 LDU sọ̀kalẹ̀ ju ibi tó yẹ kó wà lọ. 8 yẹn, odidi plate kan ni. O máa ra gbogbo ẹrù, o máa tò ó dé òkè, ara ìta ò ní dé òrùlé.

Bí o ṣe máa tún un ṣe: pa gbogbo ara ìta rẹ́ láti àjà 7 lọ, má sún un, pa á rẹ́. Mú àjà 6, inú àti ìta, sọ ọ́ di submodel, ìyẹn apá kan tí a lè lò léraléra. Tàn Snap tó ń so ẹ̀yà mọ́ stud, tàn Collision, kí o máa gbé submodel yẹn lé ara ẹ̀, stud ló máa gbé e síbi tó yẹ, ìwọ ò ní fọwọ́ kan nọ́ńbà kankan. Àǹfààní tó tún wà níbẹ̀ ni pé tí o bá fẹ́ yí fèrèsé padà lọ́la, ẹ̀ẹ̀kan lo máa yí i, gbogbo àjà á gbà á.

AdéLDraw

Ẹ kú iṣẹ́ bàbá. Ẹ jẹ́ kí n fi kún un, torí kì í ṣe gbogbo dígí ni ti ipò. Èmi bẹ̀rẹ̀ láti Lego Digital Designer, èyí tí LEGO gbé jáde ní 2004, tí wọ́n yọ kúrò nílẹ̀ ní 2022. Ìyẹn kì í jẹ́ kí o gbé nǹkan wọnú nǹkan rárá, á kàn kọ̀ fún ẹ. Ó máa ń bí mi nínú nígbà yẹn, ṣùgbọ́n ó kọ́ mi ní sùúrù. Studio á jẹ́ kí o gbé e, á wá fi dígí hàn ẹ́, ọwọ́ ẹ ni ìyókù kù sí.

Ohun tí Studio fi ń yẹ̀ ẹ́ wò kì í ṣe ara ẹ̀yà gan-an. Àwọn àpótí tí a kì í rí ni, tí wọ́n tò sínú ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan, àpótí bá wọnú àpótí, ó di dígí. Nínú PartDesigner, software tí a fi ń ṣe ẹ̀yà fún Studio, lábẹ́ Collision, èèyàn lè rí wọn kó sì tún wọn ṣe. Tó bá jẹ́ ẹ̀yà tí ẹlòmíì ṣe, tí o fúnra ẹ kó wọlé, àpótí ẹ̀ lè di ihò tó yẹ kó ṣí, tàbí kó má ní àpótí kankan, ìyẹn wá burú jù torí gbogbo nǹkan lè gba inú ẹ̀ kọjá láì sí dígí.

Bí mo ṣe ń mọ̀ ọ́n: màá ṣí fáìlì tuntun tó ṣófo, màá kó ẹ̀yà méjì tó ń jà síbẹ̀, àwọn méjì péré, màá fi Snap so wọ́n pọ̀. Tí wọ́n bá mọ́ kedere níbẹ̀, ipò ló ṣìnà nínú iṣẹ́ mi, màá lọ wá a. Tí wọ́n bá ṣì di dígí, tí mo sì mọ̀ pé lójú ayé wọ́n ń bára wọn lọ, àpótí ni. Kò gba ju ìṣẹ́jú kan lọ, ó sì ti gbà mí lọ́wọ́ ìrònú púpọ̀.

GíàMéjì

Gíà mi wá ńkọ́ ẹ̀gbọ́n? Ṣé àpótí ni àbí ipò?

AdéLDraw

Ipò ni àbúrò, ṣùgbọ́n ti yíyí. Eyín ẹ ló kọjú sí eyín. Gíà eléyín 24, láti eyín kan sí èkejì 15 dígírì, torí 360 pín sí 24. Yí òun àti axle (ọ̀pá) ẹ̀ ní ìdajì ìyẹn, 7.5, eyín á bọ́ sínú àlàfo. Tó bá jẹ́ eléyín 8 lo fẹ́ yí, eyín sí eyín 45, ìdajì 22.5. Ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn lo máa yí o, tí o bá yí méjèèjì wọ́n tún padà kọjú síra wọn.

Sì ṣọ́ àyè tó wà láàárín wọn. 8 àti 24 ń pàdé ní stud méjì. 8 àti 40 ní stud mẹ́ta. Ṣùgbọ́n 16 àti 24 jẹ́ 20 mìlímítà, stud méjì àbọ̀, tí o bá fi wọ́n sí stud méjì òótọ́ ni dígí yẹn ń sọ, kò sí bí o ṣe máa yí i tó máa lọ.

GíàMéjì

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ yí i ní 7.5. Ó mọ́! Gbogbo ìgbà tí mo ti ń pa Collision yìí, mo ní láti padà wo àwọn iṣẹ́ mi àtijọ́.

ÌyáÌbejìPeckham

Màpó, mo fẹ́ béèrè nǹkan kan. O ò sọ bí o ṣe ṣe òrùlé. Mo máa ń bẹ̀rù ibi tí software dákẹ́ sí ju ibi tó ti ń pariwo lọ.

ỌmọÒkèMàpó

Òkè pátápátá, mo ṣe irin ìdáàbòbò yí etí òrùlé ká. Plate ni mo fi ṣe é, mo gbé wọn dúró ní ẹ̀gbẹ́, mo tì wọ́n sáàárín stud méjì méjì, ó wọ̀ ọ́ bí ìbọ̀sẹ̀, Studio ò sọ̀rọ̀, kò sí dígí kankan níbẹ̀. Lẹ́yìn ẹ̀ mo tún fẹ́ kọ́ Koko Dome tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ògiri róbótó, brick 1x2 kan, brick róbótó 1x1 kan, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí yó fi yí po. Mo rí i ní fídíò pé ó máa ń tẹ̀. Tèmi ò tẹ̀, mo sì ń fọwọ́ yí wọn níkọ̀ọ̀kan, èyí tó kẹ́yìn ò sì bá èyí àkọ́kọ́ pàdé, dígí nìkan.

ÌyáÌbejìPeckham

Mo mọ̀! Yọ àwọn plate òrùlé yẹn, jọ̀ọ́. Stud fẹ̀ 4.8 mìlímítà, stud sí stud 8, àlàfo tó kù láàárín 3.2. Plate náà 3.2. Lójú kọ̀ǹpútà wọ́n dọ́gba, kò sí collision. Lọ́wọ́, kò sí ìmí kankan níbẹ̀, stud ń fún plate lọ́tùn-ún lósì, o máa fi agbára tì í, ó máa wọlé lóòótọ́, ṣùgbọ́n ike á máa ru ẹrù yẹn lójoojúmọ́. Jamie Berard, ọ̀kan nínú àwọn tó ń ṣe àwọn model LEGO, ṣe àlàyé kan ní 2006 lórí àwọn ọ̀nà ìkọ́lé tí ilé iṣẹ́ wọn ò gbà kí èèyàn lò torí pé wọ́n ń ni ike lára, plate láàárín stud wà níbẹ̀. Fẹ́ǹsì 1x4x1 wà fún irú nǹkan yìí, gbé e lé orí stud bó ṣe yẹ.

Ti Koko Dome, òdìkejì ọ̀rọ̀ kan náà ni. Mú brick 2x4 kan kí o wọ̀n ọ́n, kò pé 32 lọ́nà 16, ó jẹ́ 31.8 lọ́nà 15.8. Wọ́n dín in ní 0.1 lápá kọ̀ọ̀kan kí brick méjì lè jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn láìfún ara wọn. Díẹ̀díẹ̀ yẹn ló ń jẹ́ kí ògiri tẹ̀ lọ́wọ́ wa, ẹyọ kọ̀ọ̀kan ń ya díẹ̀, ìyókù ń gbà á. Nínú LDraw brick yẹn jẹ́ 80 lọ́nà 40 pérépéré, kò sí ìmí, kò lè tẹ̀ fún ẹ. Torí náà, fún Koko Dome, lo hínjì. Ṣe é ní ẹ̀gbẹ́ 16, igun kọ̀ọ̀kan 22.5 dígírì, kí o fi àlàfo sílẹ̀ ní inú lọ́hùn-ún níbi tí igun brick méjì ti máa ń gún ara wọn, ìta ni kó ṣí sí. Tí o bá fẹ́ ọ̀nà brick róbótó yẹn dandan, to ògiri ẹ̀ gbọọrọ nínú Studio láìtẹ̀ ẹ́, kí o fi ka iye ẹ̀yà tí o máa rà, ọwọ́ ló máa tẹ̀ ẹ́ nígbà tí ẹrù bá dé.

ỌmọÒkèMàpó

Ọlọ́run á bá mi san án fún yín. Mo ń lọ ṣe é báyìí, iná wà.

ỌmọÒkèMàpó

Mo ti dé. Ó gbà mí ní wákàtí méjì, èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ ni pípa ara ìta àtijọ́ rẹ́ torí pé mi ò fẹ́ kí ọ̀kan ṣẹ́kù síbì kan. Mo sọ àjà 6 di submodel, mo ń gbé e lé ara ẹ̀, mo ń gbọ́ bó ṣe ń dún kọ́ọ́ bí Snap bá ti gbé e. Àjà 9 kọjá, kò di dígí. Àjà 15. Àjà 20. Nígbà tí mo dé 26 mo yí ilé náà po lẹ́ẹ̀mẹta, ibi gbogbo mọ́, Collision sì wà ní títàn. Mo tún fi Notepad ṣí i, mo wá plate apá òsì yẹn ní àjà 26. -1014 ló wà níbẹ̀. Mo ṣí fáìlì àtijọ́ mi, -1006. 8 gan-an ni ó fi yàtọ̀ bí bàbá ṣe sọ.

Irin òrùlé ti di fẹ́ǹsì. Koko Dome, màá to ògiri ẹ̀ gbọọrọ, ọwọ́ èmi àti bàbá mi la máa fi tẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ tí mo bá gbé e fún wọn, mo fẹ́ bẹ́ẹ̀.

BàbáBíríkì

Ó dára bẹ́ẹ̀. Bá mi kí wọn.

ÌyáÌbejìPeckham

Fi list ẹ̀ ránṣẹ́ sí mi ní inbox. Àbúrò ọkọ mi ń bọ̀ n'Íbàdàn lọ́sẹ̀ kẹta oṣù yìí, á bá ẹ gbé e, má sanwó ẹrù fún ẹnì kankan. Sì fi plate 1x1 ogún kún un, àwọn kékeré yẹn máa ń bọ́ sábẹ́ àga.

ỌmọÒkèMàpó

Ẹ ṣé mọ́mì. Mo ti fi ọgbọ̀n kún un, mo sì ti fi ránṣẹ́.